"Ọwọ́ mi ò sí nínú ẹ̀ mọ́"

Nọ́ọ̀sì kan wá bá mi ní Tánkẹ̀, nílùú Ìlọrin, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, tààrà láti ẹnu iṣẹ́ òru. Orí ń fọ́ ọ, oorun kì í kùn ún mọ́ bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó. Kò tíì pé ẹni ogójì ọdún, síbẹ̀ nígbà tí mo wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, 158 lórí 98 ni mo rí. Mo bi í bóyá iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un. Ó mi orí.

"Rárá, Àǹtí. Látọjọ́ tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì niṣẹ́ ti pọ̀, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ni ò sí nínú ẹ̀ mọ́."

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń fi rọ́sítà ọ̀sẹ̀ tuntun ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Bí wọ́n bá kọ iṣẹ́ òru mẹ́rin léra wọn fún un, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni pààrọ̀. Bí ìbọ̀wọ́ bá tán ní wọ́ọ̀dù, òun kọ́ ló ń rà á, àmọ́ òun ni ẹbí aláìsàn ń jágbe mọ́. Bí ẹni tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò bá yọjú, kó máa bá a lọ títí ẹlòmíì yóò fi dé.

Èmi náà ti ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó padà lọ kọ́ nípa ohun tí iṣẹ́ ń ṣe sí ọkàn àti ara èèyàn. Nínú gbogbo ohun tí mo ti gbọ́ látẹnu àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi, gbólóhùn obìnrin yìí ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ kọ́kọ́ gbọ́, torí ọ̀pọ̀ wa gbà pé bí iṣẹ́ bá ti pọ̀ ló ń pa èèyàn. Pípọ̀ iṣẹ́ nìkan kọ́.

Ní ọdún 1979, olùwádìí kan, Robert Karasek, ní Amẹ́ríkà yẹ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ àti ti Sweden sọ nípa iṣẹ́ wọn wò. Ohun méjì ló wọ̀n: kí ni iṣẹ́ náà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é, báwo sì ni àyè tó ní láti pinnu bí yóò ṣe ṣe é ti fẹ̀ tó? Àwọn tí iṣẹ́ ń béèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ wọn, tí wọn kò sì láṣẹ kankan lórí rẹ̀, ni másùnmáwo mú jù. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ tí àṣẹ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é, ó sábà máa ń kọ́ onítọ̀hún lọ́gbọ́n ni.

Ẹ wo télọ̀ kan lágbègbè Ọjà Ọba nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí Iléyá dé. Aṣọ ti ga dé àjà, jẹnẹrétọ̀ ń ké, àwọn oníbàárà ń pè é léraléra. Bóyá ló ń sùn ju wákàtí mẹ́ta lọ. Àmọ́ òun ló ń pinnu aṣọ tí yóò kọ́kọ́ gé. Ó lè bẹ Àlùfáà pé kí wọ́n padà wá lọ́jọ́bọ̀. Ó lè ní aṣọ ti tó, òun ò gba tẹnikẹ́ni mọ́. Bí ọdún bá sì ti kọjá, á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, á sùn àsùntẹ́rùn. Ẹ wá wo ọmọbìnrin tó jókòó sí kàǹtà báńkì ní Òpópónà Táíwò. Nẹ́tíwọ̀kì ti lọ, ìlà ti dé ẹnu ọ̀nà, kò sí ohun tó lè ṣe sí i, àfi kó máa rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń bú u. Ẹ̀rín yẹn gan-an, iṣẹ́ ni, ó sì ń gba okun lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí níbi kankan nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba London náà. Ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí wọn ní 1967, tí wọ́n ń pè ní Whitehall, tí orúkọ dókítà Michael Marmot sì so mọ́, dá ọ̀pọ̀ èèyàn níyè méjì. Èrò tó wà nílẹ̀ ni pé ọ̀gá pátápátá, ẹni tí ìpinnu ńlá wà lọ́rùn rẹ̀, ni àrùn ọkàn yóò máa pa. Òdìkejì ni wọ́n rí: bí ipò ẹni bá ṣe rẹlẹ̀ tó ni ikú ọkàn ṣe ń sún mọ́ ọn tó. Sìgá àti ẹ̀jẹ̀ ríru kò tó láti ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà tán. Nínú ìwádìí kejì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1985, àìní àṣẹ lórí iṣẹ́ ẹni wà lára ohun tó ṣàlàyé rẹ̀.

Ọ̀nà tó ń gbà wọnú ara kò ṣòroó yé. Bí ajá bá lé yín ní òpópó, àwọn ẹṣẹ́ tó wà lókè kíndìnrín á tú adrenaline àti cortisol, èròjà tó ń múra ara sílẹ̀ fún ewu, sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa lù kìkì, ṣúgà á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè rí agbára sá. Bí ajá bá padà, ara á rọlẹ̀. Ìṣòro ẹni tí mò ń sọ ni pé ajá tirẹ̀ kì í padà. Ó ń bá a dé ilé, inú fóònù ló ń gbé. Ọ̀gá á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́, kò tilẹ̀ ní kí èèyàn dáhùn, àmọ́ ọkàn ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Sabine Sonnentag ní Jámánì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ ìsinmi yìí, ohun tó sì ń hàn léraléra ni pé kí ara kúrò níbi iṣẹ́ kò tó, ọkàn náà gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀.

Olùwádìí mìíràn ní Jámánì, Johannes Siegrist, fi ohun kan kún un ní 1996: bí akitiyan bá pọ̀ tí èrè rẹ̀ kò bá a dọ́gba, ara á ṣàìsàn. Kì í ṣe owó nìkan ló pè ní èrè. Ìgbéga, ìfọkànbalẹ̀ pé iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹni, àti ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀. Olùkọ́ kan láti Òmù-Àrán sọ fún mi pé láti ọdún méjìdínlógún tí òun ti ń kọ́ni, kò sí ọ̀gá kan tó wọ kíláàsì òun wá kí òun pé "ẹ kú iṣẹ́". Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó dùn mí gan-an, torí àwa la ní ìkíni yìí. A ń kí ẹni tó ń wa ọkọ̀, ẹni tó ń gbẹ́ kòtò, ẹni tó jókòó lásán. "Ẹ kú làálàá", "ẹ kú ìnáwó", "ẹ kú ìdúró". Àwọn bàbá wa kò gbọ́ orúkọ Siegrist, síbẹ̀ wọn kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ kó mọ̀ pé wọ́n rí i. Kí ló dé tí a fi ń bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì?

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí másùnmáwo ibi iṣẹ́ bá pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní "burnout" lédè Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò pè é ní àìsàn. Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni wọ́n pè é. Àmì rẹ̀ mẹ́ta ni: okun tó tán pátápátá, ọkàn tó ti kúrò lára iṣẹ́ tàbí tó ti kórìíra rẹ̀, àti iṣẹ́ tí kò já geere mọ́. Ti èkejì ló mú mi. Nígbà tí mo wà ní wọ́ọ̀dù, ìyá àgbàlagbà kan bẹ̀ mí fún omi lẹ́ẹ̀mẹta lóru ọjọ́ kan, mo sì jágbe mọ́ wọn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé rere ni mí. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi lóru yẹn, mo mọ̀ pé nǹkan kan ti kú nínú mi, àti pé a ò ju nọ́ọ̀sì méjì lọ fún aláìsàn mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ìyá náà bẹ̀ mí pé kí n máà bínú. Mi ò tíì gbàgbé.

Ti wákàtí iṣẹ́ kúrú láti sọ. WHO àti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, sọ ní 2021 pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún wà nínú ewu rọpárọsẹ̀ ju ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ, ewu ikú àrùn ọkàn sì fi ìdá 17 ju tirẹ̀ lọ. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì wákàtí 12 lójúmọ́ láìní ọjọ́ ìsinmi ti ṣe 84.

Ìpayà tó ń bá iṣẹ́ rìn tún wà. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin ọdún 2018, àwọn adigunjalè ya bo àwọn báńkì ní Ọ̀fà àti àgọ́ ọlọ́pàá ibẹ̀, ó sì lé ní 30 èèyàn tó kú. Ẹni tó la irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ já lẹ́nu iṣẹ́, bí ilẹ̀kùn bá gbá, àyà rẹ̀ lè máa já fún ọ̀pọ̀ oṣù. Òfin Nàìjíríà lórí owó gbà-má-bínú fún àwọn òṣìṣẹ́, ti ọdún 2010, mọ irú rẹ̀: abala 8 gbà pé ìpayà ọkàn láti inú ohun òjijì tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lè mú kí òṣìṣẹ́ gba owó, NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀, ló sì ń bójú tó o. Ẹ sọ fún agbanisíṣẹ́ yín láàárín ọjọ́ 14, kí ẹ sì ní ìwé dókítà lọ́wọ́. Àmọ́ òfin náà kò ka ìbínú lórí pé ọ̀gá báni wí tàbí pé ó yí iṣẹ́ ẹni padà mọ́ ọn.

Mi ò bá àdúrà jà o. Ìlọrin la wà, ìrun ọ̀sán tó ń dá iṣẹ́ dúró níṣẹ̀ẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà lára ìsinmi tó dára jù tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá sọ fún òṣìṣẹ́ pé kó lọ gbàdúrà sí i, nígbà tó jẹ́ pé rọ́sítà tí òun fúnra rẹ̀ kọ ni kò dára, iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń tì sọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Obìnrin yẹn gbà kí n kọ lẹ́tà sí mátírọ́ọ̀nù rẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀ wọ́n fún kò ná wọn ní kọ́bọ̀: kí wọ́n lẹ pépà mọ́ ògiri ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan kọ òru méjì tí kò ní lè ṣe sí i, kí mátírọ́ọ̀nù wá pín èyí tó kù. Iye òru tó ń ṣe lóṣù kò dín. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní 134 lórí 86. Oògùn tí dókítà kọ fún un wà nínú ẹ̀, mi ò ní sọ pé pépà ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ó fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù: pépà ara ògiri, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, àti ohun tó fi báírò kọ síwájú rẹ̀: "Ìgbéyàwó àbúrò mi, Àjàṣẹ́-Ìpo." Ó ní òun lọ, òun sì jó títí ilẹ̀ fi ṣú.