Kòrónà, òṣèlú àti gúrúùpù ẹbí: bí a ṣe ń jiyàn láì bú ara wa

Ọdún 2020 ti lọ, àmọ́ kónílé-ó-gbélé ò tíì tán lórí WhatsApp. Ẹ dá ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tàbí oúnjẹ ìrànwọ́ sílẹ̀ láàárọ̀ nínú gúrúùpù ẹbí kan ní Ilé-Ifẹ̀; kó tó di ọ̀sán, ọmọ ìyá méjì á ti máa pe ara wọn ní ẹrú APC àti ẹrú PDP. Àwọn ìbéèrè tó máa ń jẹ yọ nìyí.

Àrùn là ń sọ. Báwo ló ṣe ń di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú kíákíá bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè mẹ́ta ló ń wọnú ara wọn. Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló yẹ kí wọ́n ṣe? Ta ni ká bá wí? Èyí àkọ́kọ́ ní ìdáhùn téèyàn lè lọ wò. Èkejì dá lórí ohun tí kálukú kà sí pàtàkì: ẹni tí owó oṣù ń wọ àkáǹtì rẹ̀ àti ẹni tó ń ta ata lọ́jà Atakúńmọ́sà ní Iléṣà ò lè rí kónílé-ó-gbélé bákan náà, kò sì sí òmùgọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ibi ẹ̀kẹta ni òṣèlú lúgọ sí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ oúnjẹ ìrànwọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá 2020, àwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rùsí kan wọ̀ ní Ẹdẹ, wọ́n sì kó oúnjẹ tí wọ́n tọ́jú síbẹ̀ fún àkókò kòrónà. Ọjọ́ kan ṣáájú ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ l'Ékòó. Pé oúnjẹ wà níbẹ̀, ìbéèrè kìíní nìyẹn, kò yẹ kó dá ìjà sílẹ̀. Ṣé ó tọ́ kí oúnjẹ ṣì wà ní títì nígbà tó ti lé lóṣù mẹ́fà tí wọ́n ti ní kí aráàlú jókòó sílé? Ìkejì nìyẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ APC àti ọmọ PDP ni ìdáhùn wọn á jọra níbẹ̀ tí ẹ bá bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ta ló wá fà á: gómìnà ni, Àbújà ni, àbí àwọn oníléeṣẹ́ tó dáwó jọ ra oúnjẹ náà? Ẹni tó bá ti ibí yìí bẹ̀rẹ̀, tó ní "olè ni gbogbo yín", ti ba méjì tó kù jẹ́. Ẹ máa kọ ọ́ síwájú ọ̀rọ̀ yín: "Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mò ń sọ o, mi ò tíì dé orí ẹni tó jẹ̀bi." Ó dà bí àṣejù, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n ní ká má lo ìbòmú, wọ́n tún ní ká lò ó. Ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn?

Ẹ kọ́kọ́ gbà pé ẹni tó ń bínú rí nǹkan. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìbòmú ò pọn dandan fún ẹni tára rẹ̀ le. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n ní kí ìjọba rọ aráàlú láti máa lo ìbòmú aláṣọ níbi tí àrùn bá ti tàn tí èrò sì pọ̀. Ohun méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn: ìbòmú ò tó àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì lò, kò sì tíì hàn kedere pé ẹni tí kò tíì hú ikọ́ kankan lè kó o ran ẹlòmíràn. Lójú tiwa, ẹ̀bi wọn ni pé wọ́n fi ìdánilójú sọ ohun tí kò tíì dá ẹnikẹ́ni lójú. Bákan náà ni wọ́n kọ ọ́ gbangba ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2020 pé kòrónà kì í gba inú afẹ́fẹ́ ràn. Nígbà tó yá, wọ́n yí i padà.

Àmọ́ ẹni tó ń parọ́ mọ òótọ́ kó tó fi pa mọ́. Nítorí náà, ìbéèrè tó wúlò ni: "Kí ni wọ́n mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́?" Ó ń sọ ẹni tó ń jiyàn di ẹni tó ń wá ọjọ́ àti ẹ̀rí. Tí ẹ̀yin gan-an ò bá sì mọ ọjọ́ náà, ẹ má tíì tẹ nǹkan kan.

Wọ́n ní àwọn tó gbabẹ́rẹ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dé ọsibítù. Kí ni mo fẹ́ fèsì?

Ẹ má ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìlú àfinúrò kan ṣe é. Èèyàn 1,000 ló wà níbẹ̀; 900 gbabẹ́rẹ́, 100 ò gbà. Ká ní èèyàn 10 dé ọsibítù nínú àwọn 100 yẹn, tí 18 sì dé ibẹ̀ nínú àwọn 900. Ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù á ka aláìsàn 28, á sì rí i pé 18 ló gbabẹ́rẹ́. Á pariwo. Ṣùgbọ́n 18 nínú 900 jẹ́ méjì nínú ọgọ́rùn-ún. 10 nínú 100 jẹ́ mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ewu ẹni tí kò gbà jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ti ẹni tó gbà.

Gbogbo rẹ̀ pátá ò ju gbólóhùn kan lọ: "Nínú mélòó?" Ẹ bi wọ́n tẹ̀rín tẹ̀rín.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń gbè sẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà o. Àwọn tó sọ pé ẹni tó bá gbabẹ́rẹ́ ò lè kó kòrónà mọ́ ṣàṣejù. Abẹ́rẹ́ náà dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ àìsàn líle àti ikú gan-an ju bó ṣe dáàbò bò ó lọ́wọ́ kíkó o lọ. Tí ẹ bá ti gbà bẹ́ẹ̀ fúnra yín kí wọ́n tó fi gbá yín mú, ìdajì ìjà ti parí.

Iye àwọn tó ní àrùn náà ń fẹ́ ìbéèrè "Nínú mélòó?" yìí kan náà. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin 2020, iye tí wọ́n kéde l'Ọ́ṣun fò sókè lójijì. Àwọn tó ti Ivory Coast wọlé, tí wọ́n lé ní 100, ni wọ́n dá dúró l'Éjìgbò tí wọ́n sì yẹ̀ wò. Ibi tí wọn ò bá ti yẹ ẹnikẹ́ni wò, òdo ni wọ́n á máa kéde.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló gbé àtagbà tí kò tọ́ sí gúrúùpù. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní di àfojúdi?

Ìkọ̀kọ̀ ni kí ẹ gbà lọ bá wọn. Ẹ kí wọn ná, ìkíni gidi o, kì í ṣe àwòrán òdòdó: ẹ béèrè orúnkún tó ń dùn wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àṣìṣe náà lé ẹni tó kọ ọ́ lórí, ẹ yọ ẹni tó fi í ránṣẹ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ fi méjì yìí wéra:

"Irọ́ lẹ gbé síta yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò."

"Ẹ kúu ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ láàárọ̀, mo wo ọjọ́ tó wà lórí fídíò rẹ̀, ti 2021 ni. Ó jọ pé ẹni tó kọ ọ́ ò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ bá wa wò ó, kí ẹ sì sọ fún ẹbí."

Ìkejì gùn, àmọ́ ó fún àgbà láyè láti tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló lè mú yín sọ̀rọ̀ ní gbangba lójú ẹsẹ̀: tí àtagbà bá ní kí àwọn èèyàn mu nǹkan kan lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ kọ "Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má tíì mu ún", kí ẹ tó lọ bẹ̀ wọ́n níkọ̀kọ̀. Tí òwe bá sì yọ lẹ́nu yín níwájú àwọn àgbà, "tótó, ó ṣe bí òwe o" ṣì wúlò lórí fóònù.

Nǹkan kan tún wà tó ń dá ìjà sílẹ̀ láìnídìí: àìfàmì sọ́rọ̀. "O n paro". Ṣé "ó ń parọ́" ni, àbí "o ń parọ́"? Ọ̀kan ń sọ ti kọmíṣánnà, èkejì ń bú ẹni tó ń kà á. Tí kíbọọ̀dù yín ò bá ní àmì, ẹ dárúkọ ẹni tí ẹ ní lọ́kàn: "kọmíṣánnà ò sọ òótọ́ yẹn tán." Nọ́ńbà tí ẹ ò bá sì mọ ọjọ́ orí ẹni tó ni ín, "ẹ" ni kí ẹ fi bá a sọ̀rọ̀.

Ẹni tó ní àgbo ló wo kòrónà ńkọ́?

Ẹ má fi àgbo rẹ́rìn-ín. Àgbo ló tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà. Òṣùwọ̀n kan náà la máa fi wọn òun àti oògùn òyìnbó. Púpọ̀ nínú àwọn tó kó kòrónà ló gbádùn, wọ́n mu àgbo o, wọn ò mu ún o. Nítorí náà, èèyàn mẹ́wàá tó mu dóńgóyárò tí ara wọn yá ò tíì fi nǹkan kan hàn wá, àfi tí a bá fi wọ́n wé mẹ́wàá tí kò mu ún. Ibi tí chloroquine gan-an, oògùn ibà yẹn, ti ṣubú nìyẹn. Ní oṣù kẹta 2020, ariwo rẹ̀ gba ayé kan, àwọn kan lò ó ní àlòjù l'Ékòó dé ọsibítù, láìka ti ara yíyún tí gbogbo wa mọ̀ ọ́n mọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà, àwọn tó ń ṣe ìwádìí RECOVERY ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì kéde pé hydroxychloroquine, ọmọ ìyá rẹ̀, ò ran àwọn aláìsàn kòrónà tó wà lọ́sibítù lọ́wọ́.

Kí ni ọfà méjì tó wà lórí àtagbà?

Ó ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Láti oṣù kẹrin 2020, irú rẹ̀ ò ṣeé fi ránṣẹ́ ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò fi hàn pé irọ́ ni. Ó kàn fi hàn pé ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí yín kọ́ ló kọ ọ́.

Ìgbà wo ni kí n fi àríyànjiyàn náà sílẹ̀?

Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn láyé ọjọ́un, a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi gba owó wọn. Gbèsè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú àríyànjiyàn, kò sí ẹni tó jẹ yín ní gbèsè "òótọ́ lẹ sọ". Tí ẹ bá ti fèsì lẹ́ẹ̀mejì, tí kò sí ọjọ́, iye tàbí ẹ̀rí tuntun látọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ dìde níbẹ̀. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti ṣọ̀kan: "Mo gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n. A gbà pé ó yẹ kí oúnjẹ yẹn ti dé ọwọ́ aráàlú. Ẹni tó jẹ̀bi la ò tíì fẹnu kò lé lórí." Kí ẹ má sì fi sítíkà ẹlẹ́rìn-ín kankan tẹ̀lé e.