Asẹ́ tó wà lẹ́yìn mixer kò lè lé image lọ

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń to rédíò gbà pé bí ibùdó kan bá ń yọjú níbi tí kò yẹ kó wà, asẹ́ IF (ìyẹn asẹ́ ojú ìgbì kan ṣoṣo tí rédíò máa ń sọ gbogbo ibùdó dà) ni kò dáa tó. Wọ́n á ra ceramic filter tó há ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n á fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, ibùdó náà á ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Ẹ jẹ́ ká mú rédíò shortwave tí IF rẹ̀ jẹ́ 455 kHz. Tí ẹ bá yí i sí 15 MHz, oscillator inú rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń pèsè ìgbì tirẹ̀, á wà ní 15.455 MHz, ìyàtọ̀ wọn á sì jẹ́ 455 kHz. Ṣùgbọ́n ibùdó tó wà ní 15.910 MHz náà fi 455 kHz ju oscillator yẹn lọ. Òun ni image. Mixer, ibi tí ìgbì ibùdó àti ti oscillator ti ń pò pọ̀, kò mọ ti òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Ìyàtọ̀ nìkan ló ń gbé jáde, 455 kHz sì ni àwọn méjèèjì. Yanrìn tó kúnná bíi gàrí, asẹ́ wo ló fẹ́ yọ ọ́?

Iwájú mixer ni iṣẹ́ wà. Kóìlì àti kapasítọ̀ kan tí Q wọn (bí wọ́n ṣe lè ya ojú ìgbì kan sọ́tọ̀ tó) jẹ́ 50 á dín image yìí kù ní nǹkan bíi 15 dB (decibel, òṣùwọ̀n bí agbára ìgbì ṣe pọ̀ tàbí dín kù sí): fóltéèjì rẹ̀ á di ìdá kan nínú mẹ́fà. Kò tó rárá. Ìdí nìyí tí rédíò pọ́ọ́kú fi máa ń gbé ibùdó kan náà ní ojú méjì, 910 kHz síra wọn. Ẹ gbé IF lọ sí 10.7 MHz, image á sá lọ sí 36.4 MHz, kóìlì yẹn kan náà á sì dín in kù ní nǹkan bíi 40 dB.

Tí amplifier bá wà níwájú, ẹ fi asẹ́ sí àárín òun àti mixer. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ariwo tí amplifier fúnra rẹ̀ ń pa ní ojú image á bá ti ojú gidi wọlé, ariwo náà á sì lè fi 3 dB pọ̀ sí i.

Láti dán an wò, ẹ so signal generator mọ́ ojú eríàlì, ẹ fi 15 MHz ránṣẹ́, kí ẹ kọ ìwọ̀n tó jáde sílẹ̀. Ẹ wá yí generator nìkan sí ojú image, kí ẹ máa gbé agbára rẹ̀ sókè títí ìwọ̀n náà á fi padà bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Iye dB tí ẹ fi kún un ni agbára asẹ́ iwájú yín. Lójú tiwa, tí kò bá tó 50 dB, ẹ fi kóìlì kejì kún un.