Wáyà kíì píkọ́ọ̀pù tí olè já: bí a ṣe ń tò ó padà

Olè tó fẹ́ gbé píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kì í wá kọ́kọ́rọ́. Á fọ́ ike abẹ́ sítíárìn, á já wáyà ẹ̀yìn kíì, ìyẹn ibi tí a ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀, á bó wọn, á sì fi bíríìjì, ìyẹn kíkan wáyà mọ́ra, tan ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá rí ọkọ̀ náà padà, wáyà á ti kúrú, rọ́bà ara wọn á ti jóná. Píkọ́ọ̀pù tó ń kó obì wọ Ṣágámù tàbí tó ń kó gààrí jáde láti abúlé Ìjẹ̀bú ti bọ́ sọ́wọ́ rẹwáyà púpọ̀, nítorí náà kò yẹ kí a gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà. Iṣẹ́ tí wáyà ń ṣe ni kí a fi mọ̀ ọ́n.

Orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gétífù ni a kọ́kọ́ ń tú. Wáyà tó ti bátìrì wá sí ẹ̀yìn kíì máa ń ní iná nígbà gbogbo, àwọn ọkọ̀ kan kò sì ní fíùsì lójú ọ̀nà rẹ̀ rárá. Bó bá kan bọ́dì, ó lè jó gbogbo ìdì wáyà abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ẹ ya àwọn wáyà sọ́tọ̀ kí wọ́n má kanra, kí ẹ tó dá orí bátìrì padà. Fi jíà sí fúrì, fa hándìbíréèkì. Gílóòbù 12 fóòtì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lára bọ́dì ni a fi ń dán wọn wò: èyí tó tan án ni ti bátìrì. Láti ibẹ̀, ẹ fi wáyà nípọn tó ní fíùsì 30 áńpù kan àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tan iná ọ́ọ̀lì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ni ti ẹ́ńjìnnì. Èyí tó gbé rédíò nìkan ni ACC, wáyà àwọn ohun tí kò nílò ẹ́ńjìnnì. Èyí tó yí sítátà ni ST, wáyà sítátà. Bí kíì tuntun bá wọlé tán, tí ẹ́ńjìnnì ń yí ṣùgbọ́n tó jẹ́ ìgbà tí a tú ọwọ́ lára kọ́kọ́rọ́ ló fẹ́ jí, wáyà ẹ́ńjìnnì kò gba iná nígbà tí sítátà ń ṣiṣẹ́.

Wáyà tí a fi ṣe àfikún gbọ́dọ̀ nípọn tó ti àtijọ́. Ẹ ti rọ́bà tó ń sún kì bí ooru bá kàn án wọ̀ ọ́ kí ẹ tó lọ́ ọ pọ̀, nítorí lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi léèdì jó o, kò ní lè wọlé mọ́. Kí oríkèé, ìyẹn ibi tí a ti so wáyà pọ̀, má ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra. Téèpù nìkan kò tó. Ooru á yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀, ojú ọ̀nà gbágungbàgun á sì tú oríkèé náà.

Ẹ má fojú fo ahọ́n irin tó ń ti sítíárìn. Bí olè bá fọ́ ọ, àfọ́kù rẹ̀ lè já bọ́ kó sì há sítíárìn mọ́lẹ̀ lórí eré. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ fọwọ́ kan oríkèé kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná kò dára. Ẹ tú u, kí ẹ tún un jó.