Mílíìkì tí inú àgbà kò gbà mọ́

"Nọ́ọ̀sì, wọ́n ti ṣe inú mi. Aládùúgbò mi ni mo fura sí."

Màmá kan láti Ìlódè, níbí ní Ifẹ̀, ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ọmọ wọn tó wá láti Èkó ló ra mílíìkì páálí fún wọn, pé kí egungun wọn lè le. Bí wọ́n bá mu kọ́ọ̀bù kan láàárọ̀, inú á máa kùn bí ọkọ̀ tó ń gun òkè, kó sì tó di ọ̀sán, wọ́n ti ya ìgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀mẹta. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n ní ọmú ni wọ́n fi dàgbà, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Èmi tí mò ń kọ èyí, inú mi kì í gbà á. Bóyá ti ẹ̀yin náà kì í gbà á.

Àpótí aṣọ kan náà ni gbogbo sẹ́ẹ̀lì, àwọn ègé kéékèèké tó para pọ̀ di ara, jogún, ìbáà jẹ́ ti ojú tàbí ti ìfun. Aṣọ inú rẹ̀ là ń pè ní jíìnì. Èyí tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan yọ wọ̀ ló fi yàtọ̀ sí èkejì. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ CDX2, òun ló ń darí ìfun láti inú oyún kó lè di ìfun. Nígbà tí àwọn onímọ̀ mú un kúrò lára ìfun ọmọ eku tó wà nínú oyún, apá ìsàlẹ̀ ìfun náà bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ọ̀nà ọ̀fun!

Bí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ bá ń súnmọ́, ìfun ọmọ á yọ aṣọ mìíràn: jíìnì láktéèsì, èròjà tó ń gé ṣúgà inú ọmú àti mílíìkì kí ara lè gbà á. (Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kì í sábà ní in tó.) Lẹ́yìn tí a bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, ara á máa ká aṣọ yìí padà sí ìsàlẹ̀ àpótí díẹ̀díẹ̀. Kò sọ ọ́ nù o, ó kàn tì í mọ́bẹ̀ ni.

"Àbí ìfun mi ti gbó ni?" Rárá, mà. Awọ inú ìfun kékeré máa ń pààrọ̀ ara rẹ̀ láàárín ọjọ́ 3 sí 5. Èyí tó wà níkùn yín lónìí kọ́ ló jẹ ìrẹsì òde àríyá ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ti àpótí náà ni sẹ́ẹ̀lì tuntun ṣe ń jogún rẹ̀.

Ṣúgà tí a kò gé á fa omi sínú ìfun, àwọn kòkòrò inú ìfun ńlá á sì fi ṣe àsè. Ibẹ̀ ni inú wíwú ti ń wá. Mo ní kí wọ́n máa bu mílíìkì díẹ̀ sínú ògì, kí wọ́n má gbé kọ́ọ̀bù mì lórí ikùn òfìfo. Wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń tà sàn fún wọn jù: bí oje ewé bòmubòmu bá ti mú un dì, ọ̀pọ̀ ṣúgà rẹ̀ á bá omi lọ. Fún egungun, ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun wà lọ́jà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ìyá ọlọ́mọ má fi èyí gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Ìgbẹ́ ọmọ ọlọ́mú máa ń rọ̀, kì í ṣe àrùn. Bó bá sì ya gbuuru lóòótọ́, ẹ máa fún un lọ́mú bí ẹ ṣe ń gbé e bọ̀ nílé ìwòsàn. Àgbà tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tàbí tó ń rù, kó má di í ru mílíìkì, kó wá ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó yíjú padà: "Inú Fúlàní wá ṣe gbà á?"

Ìbéèrè àtijọ́ ni. Ní àwọn ọdún 1970, Olikoye Ransome-Kuti, tó padà di mínísítà ètò ìlera, wà lára àwọn tó wádìí rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àgbà Yorùbá tí inú rẹ̀ gba ṣúgà yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran ni tiwọn gbà á. Ní 2002, ìwádìí kan láti Finland fi ibi tí ìyàtọ̀ náà wà hàn: lẹ́tà kan ṣoṣo (jíìnì dà bí ìwé tí a fi lẹ́tà kọ), tó fi nǹkan bí 13,910 lẹ́tà jìnnà sí jíìnì láktéèsì, nínú jíìnì mìíràn tó múlé tì í, MCM6. Lẹ́tà tó yí padà yìí, tí kì í jẹ́ kí ara ti àpótí náà, wà lára Fúlàní náà. Mo ní, "Kọ́kọ́rọ́ àpótí yín, ilé aládùúgbò ló wà, mà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Mo ṣáà ti sọ pé aládùúgbò ni!"