Àrùn àjogúnbá ti ẹ̀yà adrenal àti ẹ̀yà ìbímọ

Àrùn àjogúnbá ti ẹ̀yà adrenal àti ẹ̀yà ìbímọ máa ń wáyé nígbà tí jíìnì (ìlànà tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ nínú ara) tó ń darí wọn bá ní àbùkù. Adrenal jẹ́ ẹ̀yà kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ibì kan náà ni òun, kóró ẹpọ̀n àti ilé ẹyin ti ṣẹ̀ wá nínú oyún, kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, irú ọ̀rá kan nínú ara, sì ni gbogbo wọn fi ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù, èròjà tó ń rán ara níṣẹ́. Ìdí nìyí tí àbùkù jíìnì kan ṣoṣo fi lè kó bá gbogbo wọn.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti jíìnì CYP21A2, lórí krómósómù (okùn tín-ín-rín inú ara tó gbé jíìnì) kẹfà. Ó ń mú ọmọ kan nínú nǹkan bí 10,000 sí 20,000. Jíìnì yìí ló ń pèsè ẹ́ńsáìmù, èròjà amúṣẹ́yá, tí adrenal fi ń ṣe cortisol (họ́mọ́ọ̀nù tó ń ran ara lọ́wọ́ nígbà àìsàn) àti aldosterone (èyí tó ń mú iyọ̀ dúró lára). Bí kò bá ṣiṣẹ́, họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin á pọ̀ jù, iyọ̀ á sì máa bá ìtọ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe ń jogún rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ará Kàbà, Ìjùmú, Bùnú tàbí Yàgbà tó ti ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù kó tó ṣègbéyàwó. Bí AS méjì ṣe lè bí SS, bẹ́ẹ̀ ni baba àti ìyá tí ara wọn le koko, àmọ́ tí àwọn méjèèjì ń gbé àbùkù jíìnì náà, ṣe lè bí ọmọ tó ní àrùn yìí, ìdá kan nínú mẹ́rin fún oyún kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù yẹn kò lè fi í hàn.

Ojú ara ọmọbìnrin tó ní i lè jọ ti ọkùnrin nígbà ìbí, bẹ́ẹ̀ ilé ọmọ àti ilé ẹyin wà nínú rẹ̀. Kò yẹ kí ìdílé kánjú pè é ní akọ tàbí abo kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, kódà bí ìkómọ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ti ọmọkùnrin ló léwu jù, nítorí kì í sábà sí àmì kankan. Wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n á sè, wọ́n á jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, á bẹ̀rẹ̀ sí í bì, á kọ ọmú, àwùjẹ̀ rẹ̀ á rì, ara rẹ̀ á rọ jọwọrọ. Èèyàn á rò pé ibà ni, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ ló ń tán lára rẹ̀. Omi iyọ̀ láti ojú iṣan àti abẹ́rẹ́ hydrocortisone, oògùn tó ń rọ́pò cortisol, ló ń gba ẹ̀mí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ là. Àgbo kò lè ṣe é.

Jíìnì DAX1 wà lórí krómósómù X. Ìyá tó ń gbé àbùkù rẹ̀ kiri kì í sábà ṣàìsàn; ọmọkùnrin rẹ̀ ló ń mú. Adrenal ọmọ náà kì í dàgbà bó ṣe yẹ, bó bá sì yè é, kì í bàlágà láìsí ìtọ́jú: ohùn rẹ̀ kò ní í ki, irùngbọ̀n kò ní í hù. Nítorí náà, ó yẹ kí dókítà béèrè bóyá àwọn arákùnrin ìyá ọmọ ti kú ní ìkókó. Ikú tí ìdílé ti kà sí àbíkú lè jẹ́ àmì tó ṣe pàtàkì jù lọ níbẹ̀.

Jíìnì NR5A1, lórí krómósómù kẹsàn-án, lè kan adrenal, kóró ẹpọ̀n àti ilé ẹyin. Nǹkan oṣù àwọn obìnrin kan tó ní àbùkù rẹ̀ máa ń dáwọ́ dúró kí wọ́n tó pé ẹni ogójì ọdún. Ti àwọn ọkùnrin tó ní krómósómù XXY (X kan lé lórí XY tí ọkùnrin máa ń ní) yàtọ̀: adrenal wọn kò ní àbùkù, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn kì í ní àtọ̀ tó lè bímọ.

Hydrocortisone àti fludrocortisone, tó ń rọ́pò aldosterone, ni oògùn adrenal tí kò ṣiṣẹ́, títí ayé sì ni. Dexamethasone, oògùn míì tó jọ hydrocortisone, tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì lè dí ìdàgbàsókè ọmọ lọ́wọ́. Bí ibà bá dé, ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta hydrocortisone ni dókítà sábà máa ń ní kí wọ́n lò. Bí aláìsàn bá ń bì, abẹ́rẹ́ ló kù. Ìdílé tó wà lábúlé tó jìn sí ilé ìwòsàn yẹ kí ó ní abẹ́rẹ́ náà nílé, kí wọ́n sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún un.