Bí ilẹ̀ Èkó ṣe di báńkì, àti ìdí tówó ẹ̀ kì í fi í wálẹ̀

Bùọ̀dá mi tí wọ́n ń gbé ní Peckham ní London pè mí lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní àwọn rí ilẹ̀ kan ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí, pulọ́ọ̀tì kan, àwọn á san án díẹ̀díẹ̀ fún ọdún méjì, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ń sọ pé owó ilé Èkó ti gbóná jù, pé ó máa tó já lulẹ̀, ṣé káwọn rà á àbí káwọn dúró. Mo ní ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látìgbà Dòsùmú ọba Èkó ná. Wọ́n ṣe háà, wọ́n ní ilẹ̀ làwọn ń béèrè, àwọn ò béèrè ìtàn. Ọ̀kan náà ni méjèèjì o.

Kí òyìnbó tó dé, àwọn Ìdẹ́jọ ló nilẹ̀ Èkó, àwọn ìjòyè onífìlà funfun tí wọ́n ní ọmọ Ọlọ́fin làwọn: Àrómirẹ́, Olúwa, Ọlọ́tọ̀, Onírù, Òjòrá, Oníṣíwó, Ẹlẹ́gùṣì àtàwọn yòókù. Ọba pàápàá ò nilẹ̀ tó wọn, ṣebí oko ata Àrómirẹ́ ni wọ́n ní wọ́n kọ́ Ìgà Ìdúngánràn sí. Nígbà yẹn tẹ́ ẹ bá fẹ́ ilẹ̀, ẹ ó gbé obì pẹ̀lú ọtí lọ bá olórí ẹbí, wọ́n á tọ́ka ibì kan fún yín, ẹ ó kọ́lé, ẹ ó dáko, lọ́dọọdún ẹ ó mú ìṣákọ́lẹ̀ wá káyé lè mọ̀ pé ẹ ò gbàgbé onílẹ̀. Títà ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ta ilẹ̀ ẹbí, ojú wèrè ni wọ́n máa fi wò ó.

December 1851 làwọn òyìnbó yìnbọn sí Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ jáde, wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè, Akítóyè wàjà ní 1853, Dòsùmú ọmọ ẹ̀ jọba. Àwọn tó wá ń rọ́ wọ̀lú nígbà yẹn kì í ṣe èèyàn obì àti ọtí mọ́: Sàró láti Freetown, Àgùdà láti Brazil àti Cuba, àwọn míṣọ́nnárì, àwọn oníṣòwò epo pupa láti Jámánì àti ìlú ọba. Ìwé ni wọ́n fẹ́. Dòsùmú ń fún wọn níwèé. Nígbà tí wọ́n wá gba ìlú lọ́wọ́ ẹ̀ ní August 6, 1861, ìjọba òyìnbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní tiẹ̀, Crown Grant ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ìwé yìí díẹ̀, torí òun ni baba ńlá C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí, tí gbogbo yín ń sáré lé kiri Alausa.

Kí ni wọ́n ń fi í ṣe? Kì í ṣe ilé gbígbé nìkan. Oníṣòwò ọmọ Èkó tó ń ra epo àti èkùrọ́ láti òkè, àwìn ló ti máa ń gbọjà lọ́dọ̀ kọ́ńpìnnì òyìnbó, aṣọ, ọtí, nǹkan lóríṣiríṣi, tó bá ta á tán ló máa fi epo san án. Òyìnbó á ní kí lo fi dúró? Tẹ́lẹ̀ èèyàn ni wọ́n fi ń dúró, ìwọ̀fà, ẹrú, báyìí ó di ìwé ilé. Bí ilé Èkó ṣe di báńkì nìyẹn, kí báńkì fúnra ẹ̀ tó dé ìlú. Bó sì ṣe já nígbà àkọ́kọ́ náà nìyẹn: nígbà tówó epo pupa wálẹ̀ lókè òkun láwọn ọdún 1880, ọ̀pọ̀ wọn ò rí gbèsè san, kóòtù ń ta ilé wọn ní gbàǹjo. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀. Ilé tí gbèsè wà lórí ẹ̀ ni wọ́n ń tà nítàkutà, torí olówó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹni tí ò jẹ gbèsè ò níṣòro, á kàn jókòó síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Àpápá ló wá ta àwọn ẹbí jí. Ìjọba gba ilẹ̀ níbẹ̀, Amọ́dù Tìjání tó jẹ́ Olóyè Olúwa lóun ò gbà, wọ́n gbé ẹjọ́ dé London, Herbert Macaulay tẹ̀ lé wọn lọ, ó mú ọ̀pá Ẹlẹ́kọ, ọba Èkó, dání, ní 1921 Privy Council, kóòtù tó gbẹ̀yìn fún àwọn ìlú abẹ́ òyìnbó, dá wọn láre pé ẹbí ló nilẹ̀, kí ìjọba sanwó ẹ̀. £22,500 ni wọ́n san. Inú Èkó dùn, ó sì yẹ kó dùn. Ṣùgbọ́n tèmi ni pé ọjọ́ yẹn ni gbogbo ẹbí onílẹ̀ gbọ́ iye tí ilẹ̀ wọn tó, etí tó bá sì ti gbọ́ iye kan kì í fẹ́ gbọ́ èyí tó kéré sí i mọ́.

Láàárín ìyẹn àwọn òyìnbó ti lọ ń gbé tiwọn lọ́tọ̀ ní Ìkòyí, ilé gbàgede, igi, odẹ̀dẹ̀, àwa dúdú wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó bí ìṣáná nínú páálí. Àrùn eku jà ní 1924, ó pa èèyàn, wọ́n dá LEDB (Lagos Executive Development Board) sílẹ̀ ní 1928 pé kó tún ìlú ṣe, nígbà tó tún di 1955 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ń kó èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀ kó dé Sùúrùlérè, kò rí oníbàárà, ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ sì ń gbówó lórí lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ máa wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á ní ibí yìí dọ̀tí, wọ́n á kó tálákà kúrò, ibẹ̀ á wá di ibi tálákà ò lè wọ̀ mọ́. July 1990 wọ́n ṣe é ní Mároko, ìjọba ológun Raji Rasaki, wọ́n ní nǹkan bí 300,000 èèyàn ló ń gbébẹ̀, kátakàtà tó ń wó ilé wọ ibẹ̀, ó parí láàárín ọjọ́ díẹ̀, díẹ̀ nínú wọn rí ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí gbà ní Ìlásàn àti Ìkọ̀tá, àwọn tó kù fẹsẹ̀ fẹ. Tẹ́ ẹ bá ń jẹun lálẹ́ ní Onírù báyìí, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni Mároko wà.

Mo ti fo ọ̀rọ̀ 1978, ẹ jẹ́ n padà. March 29, 1978, ìjọba Ọbásanjọ́ àkọ́kọ́ gbé òfin Land Use jáde: gbogbo ilẹ̀ inú ìpínlẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ gómìnà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta tiyín gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ó máa jẹ́ kí ilẹ̀ wà fún mẹ̀kúnnù. Ohun tó ṣe ni pé ó sọ ìwé di ọlọ́wọ̀ọ́n, ohun tówèé ẹ̀ bá sì ṣọ̀wọ́n, owó ẹ̀ á lọ sókè. Àwọn èèyàn wa náà ò gọ̀, ìwé tí wọ́n kọ ní 1995 á gbé déètì 1976, kó lè dà bíi pé wọ́n ti ta á kí òfin tó dé. Àwọn ọmọ onílẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí wọn ò ka gómìnà sí, wọ́n á gba owó fáúndéṣọ̀n, owó fẹ́ǹsì, owó dẹ́kìn, wọ́n á ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí i ní Èkó kí onílé kọ ọ́ gàdàgbà sára fẹ́ǹsì ara ẹ̀ pé ilé yìí kì í ṣe títà o. Ní 2016 wọ́n ṣòfin sí wọn. Ó dín in kù díẹ̀.

Wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ rí pé ó máa já o. Nígbà tí Babangida kó ìjọba lọ sí Abuja ní December 12, 1991, àwọn tó gbọ́n sọ pé Èkó ti parí nìyẹn, ta ni yóò máa gbé Ìkòyí mọ́. Sẹkitéríàtì ìjọba àpapọ̀ ní Ìkòyí ṣófo lóòótọ́, ó ṣì wà níbẹ̀ bí eyín tó ti kú. Àmọ́ owó ilé ò kú. GSM dé ní 2001, àwọn báńkì ń da pọ̀ ní 2005, owó epo rọ̀bì ń wọlé, gbogbo ẹni tó ní owó tí kò fẹ́ kí wọ́n béèrè ibi tó ti rí i ló ń wá ibi tó máa kó o sí. Wọ́n ń wó ilé odẹ̀dẹ̀ òyìnbó, wọ́n ń kọ́ alájà mẹ́wàá síbẹ̀, wọ́n tún lọ ń da iyanrìn sínú òkun fún Eko Atlantic, dọ́là ni wọ́n fi ń gba rẹ́ǹtì. Tẹ́ ẹ bá rò pé àsọdùn ni báńkì tí mò ń pè é, April 2017 EFCC wọ inú fúláàtì kan ní Osborne Towers ní Ìkòyí, owó tí wọ́n bá níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 43 dọ́là, káàṣì. Ó kàn jẹ́ pé tẹni yẹn ṣì wà ní bébà ni, àwọn yòókù ti sọ tiwọn di bíríkì.

Ìdí tí kò fi ní já bíi ti Amẹ́ríkà ní 2008 nìyẹn. Amẹ́ríkà, báńkì ló yá gbogbo wọn lówó, nígbà tí wọn ò rí i san mọ́ báńkì gbalé, ó dà á sọ́jà lẹ́ẹ̀kan náà. Níbí ta ló ń gba mọ́gééjì? Èlé ọ̀pọ̀ báńkì ti kọjá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, owó tí wọ́n dì sápò ni wọ́n fi ń ra ilé. Onílé Ìkòyí tí fúláàtì mẹ́jọ ẹ̀ ṣófo fún ọdún mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Kò ní dín in kù. Á fi iná sílẹ̀ lóru kó lè dà bíi pé èèyàn ń gbébẹ̀.

Àmọ́ mo sọ fún bùọ̀dá mi pé ẹ gbé kalikulétọ̀, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ẹnì kan ra ilé ní mílíọ̀nù 100 náírà ní 2014, nígbà tí dọ́là wà ní nǹkan bí 165, ìyẹn ti lé ní 600,000 dọ́là. Ká ní ó tà á ní mílíọ̀nù 300 ní 2024 tí dọ́là ti di 1,500, gbogbo àdúgbò á ní owó ẹ̀ ti di mẹ́ta, wọ́n á bá a yọ̀, bẹ́ẹ̀ 200,000 dọ́là ló gbà. Ó ti já, ó já gan-an, ẹni tó ń ka náírà ni ò gbọ́ ariwo ẹ̀. Sìmẹ́ǹtì náà ò jẹ́ kó lè wálẹ̀ ní náírà, àpò kan ti kọjá 10,000 láwọn ibì kan ní February 2024, kò sẹ́ni tó máa kọ́lé lówó yẹn kó wá tà á lówó àná.

Ti Ìbẹ̀jù ló ń bà mí lẹ́rù, kì í ṣe Ìkòyí. Lóòótọ́ ilé ìfọpo Dangote wà níbẹ̀, tó lè fọ àgbá 650,000 lóòjọ́, pọ́ọ̀tù Lẹ́kí ti ṣí ní January 2023, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gun mọ́tò láti Ajah lọ sí Ẹ̀pẹ́ kẹ́ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ títì, pátákó èsítéètì lọ́tùn-ún lósì, orúkọ òyìnbó lóríṣiríṣi, géètì tí wọ́n kùn dáadáa, tẹ́ ẹ bá wọnú ẹ̀ omi àti ọ̀pẹ ni. Àwọn tó ń ra ibẹ̀ ò kó káàṣì pa mọ́ bíi ti ará Ìkòyí, nọ́ọ̀sì ni, tíṣà ni, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Peckham ni, oṣooṣù ni wọ́n ń san án. Gbèsè tún ti wọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìyẹn, bíi tayé epo pupa, àfi pé lọ́tẹ̀ yìí ẹni tó ń san gbèsè ò tíì rí ìwé gbà. Tí dẹfẹ́lópà bá sá lọ, tàbí tí ìjọba bá ní ilẹ̀ ọ̀hún ò sí nínú gásẹ́ẹ̀tì, ìwé tí ìjọba fi ń kéde ilẹ̀ tó yọ̀ǹda fún ẹbí, kí ni wọ́n fẹ́ tà?

Bùọ̀dá mi dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á sọ fún ájẹ́ǹtì kó ṣe fídíò ilẹ̀ náà ránṣẹ́. Mo ní rárá o, ẹ má gba fídíò, èmi fúnra mi á lọ, kẹ́ ẹ ṣáà jẹ́ kó di July, tí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.