Omi Lásán Ni Kí Ẹ Fi Gbé E Mì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ da gbogbo ohun tó wà nínú láílọ́ọ̀nù rẹ̀ sórí káúńtà mi. Èmi ni mo ní kó kó wọn wá. Dókítà ti gbé oògùn táírọ́ọ̀dù rẹ̀ láti máíkírógíráàmù 50 sí 75, ó tún gbé e sí 100, ó sì ti fẹ́ gbé e sí 125 báyìí. Síbẹ̀, ara kò dá. Òtútù ń mú màmá nínú ooru oṣù Kẹta, ìgbẹ́ ń há a, oorun sì ń kùn ún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. "Dókítà, oògùn yìí kò bá ẹ̀jẹ̀ mi mu," ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Dókítà ni wọ́n máa ń pe àwa apòògùn náà.

Mo wo orí káúńtà. Levothyroxine rèé, oògùn táírọ́ọ̀dù náà, tó ń rọ́pò ohun tí táírọ́ọ̀dù ọrùn kò pèsè tó mọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú rèé. Káṣíọ̀mù tí wọ́n ní kó máa lò fún egungun. Oògùn olómi funfun fún inú tó ń ta. Mo ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe ń lò wọ́n?" Ó ní ẹ̀ẹ̀kan náà ni, láàárọ̀, lẹ́yìn ògì àti àkàrà, kí wọ́n má baà da inú òun rú. Wàrà sóyà ló sì máa ń bù sí ògì náà.

Mo jókòó. Ẹnì kẹta tó ṣe irú rẹ̀ lóṣù yìí nìyẹn.

Ibi tí táírọ́ọ̀dù wà lọ́rùn àti iṣẹ́ tó ń ṣe, dókítà yín á ti sọ ọ́, n kò ní tún un sọ. Ohun tí wọn kì í ráyè sọ dáadáa ni mo fẹ́ sọ. Irin àti káṣíọ̀mù máa ń di mọ́ oògùn táírọ́ọ̀dù yìí nínú ikùn bí èèmọ́ ṣe ń di mọ́ aṣọ. Oògùn inú olómi yẹn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti so mọ́ra wọn, ìfun kò lè fà á sínú ẹ̀jẹ̀ mọ́, ilé ìgbẹ́ ló ń bá lọ. Oúnjẹ ń dí i lọ́wọ́, sóyà ń dí i lọ́wọ́, kọfí náà ń dí i lọ́wọ́. Màmá ń ra oògùn lóṣooṣù, ó sì ń ṣu ú dànù. Kò sí ohun tó ṣe oògùn náà.

Omi lásán ni kí ẹ fi gbé e mì. Ẹ má fi Milo gbé e mì, ẹ má fi tíì, ẹ má fi ògì. Kí ikùn ṣófo, kí ẹ sì fún un ní wákàtí kan kí oúnjẹ tó wọlé. Bí kò bá ṣeé ṣe, kó má dín ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tí ẹ bá jí kírun àsùbá tàbí tí ẹ jí ṣàdúrà ìdílé, ẹ gbé e mì. Kí ẹ tó gbálẹ̀, kí ẹ tó wẹ̀, kí ẹ tó múra, wákàtí kan ti pé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ àti káṣíọ̀mù gbọ́dọ̀ jìnnà sí i ní wákàtí mẹ́rin ó kéré tán, ẹ sún wọn sí ọ̀sán tàbí alẹ́. Ẹni tí àárọ̀ kò bá rọrùn fún lè lò ó nígbà tó bá fẹ́ sùn, tí oúnjẹ alẹ́ bá ti tó wákàtí mẹ́ta nínú. Nígbà ààwẹ̀ Rámádánì, ẹ lè lò ó ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó jẹ sààrì. Èyí tí ẹ bá mú, ẹ dúró lórí rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú páálí kí ẹ kó o sínú láílọ́ọ̀nù. Ẹ má gbé e sínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, ẹ má sì gbé e sí fèrèsé ilé ìdáná. Ooru àti ọ̀rinrin ń sọ ọ́ di ahẹrẹpẹ.

Àṣìṣe kan tún wà tó ń dẹ́rù bà mí. Ọkùnrin kan rí i nínú ìwé àyẹ̀wò pé TSH òun ga, ó rò pé táírọ́ọ̀dù òun ti pọ̀ jù, ló bá ń fọ́ oògùn sí méjì, ó ń lo ìdajì. Òdìkejì pátápátá ni! Láti abẹ́ ọpọlọ ni TSH ti ń wá, òun ni ara fi ń pe táírọ́ọ̀dù sí iṣẹ́. Ẹ wo ìyá tó ń pe ọmọ láti ilé ìdáná. Bí ọmọ bá dáhùn, ohùn ìyá á rọlẹ̀. Bí ọmọ bá dákẹ́, ìyá á máa pariwo. TSH tó ga, ariwo ìyá ni; ọmọ ni kò dáhùn. Oògùn yìí kì í sì í ṣe ohun ìkánjú. Ó ń tó ọjọ́ méje kí ìdajì èyí tí ẹ lò tó kúrò lára, ìdí nìyẹn tí a fi ń dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí a tó tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹ má ṣàyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ wá máa sunkún. Ẹ má sì sọ ọ́ di méjì fúnra yín torí pé ẹ fẹ́ fọn. Ọkàn yín ni yóò jìyà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún àgbàlagbà tó ní àrùn ọkàn ju 25 lọ, nígbà mìíràn 12.5 péré.

Obìnrin tó bá ń lò ó, lọ́jọ́ tó bá ti mọ̀ pé òun lóyún, kó lọ bá dókítà rẹ̀. Iye tó ń lò yóò lọ sókè ni. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ti ìyá ni ọmọ inú gbọ́kàn lé. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ dá a dúró torí oyún, ẹ sá fún un.

"Ṣé títí ayé ni?" Bẹ́ẹ̀ ni, fún ọ̀pọ̀ jù lọ. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun èèyàn, mo ti rí àwọn tó sunkún níwájú mi. Àmọ́ ohun tí táírọ́ọ̀dù ara yín ìbá ṣe fún yín gan-an ló wà nínú wóró oògùn yẹn. Ní ọdún 1891, dókítà kan tó ń jẹ́ George Murray ní Newcastle, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún obìnrin ẹni ọdún 46 kan ní abẹ́rẹ́ omi tí wọ́n fà láti inú táírọ́ọ̀dù àgùntàn. Obìnrin náà tún lo ọdún 28 láyé. Àgùntàn tó lé ní 870 ni wọ́n fi tọ́jú òun nìkan. Wóró kékeré kan láràárọ̀ ló rọ́pò agbo àgùntàn yẹn fún yín.

Èyí ló ń mú inú bí mi sí àwọn tó ń fi gbohùngbohùn polówó nínú ọkọ̀. Àgbo tó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí ló ń wo àtọ̀gbẹ, òun náà ló ń wo gẹ̀gẹ̀ àti táírọ́ọ̀dù! Àwọn mìíràn ń ta áyódíìnì, wọ́n ní òun ló dín lára yín. Ẹni tí ara rẹ̀ ti ba táírọ́ọ̀dù ara rẹ̀ jẹ́, àpọ̀jù áyódíìnì kò ní tún un ṣe, ó tilẹ̀ lè dá kún un. Ọdún márùn-ún ni mo lò ní yunifásítì, mo lo ọdún kan sí i lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ọsibítù, kí wọ́n tó fún mi ní ìwé àṣẹ. Mélòó ni tiwọn?

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó lo oògùn rẹ̀ fún oṣù márùn-ún, ara rẹ̀ dá ṣáká, ó tún ń lọ ọjà. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò àgbo yìí ní kó dá oògùn òyìnbó dúró kó má baà bá tòun jà. Nígbà ọyẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin pè mí: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, màmá kàn ń sùn ni." Mo bá ìyá náà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wọ súẹ́tà méjì àti ìbọ̀sẹ̀. Ojú rẹ̀ wú. Mo pè é, ó dáhùn, àmọ́ ohùn rẹ̀ kẹ̀, ó sì ń fà bíi ti ẹni tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tutù bí omi ìkòkò. Mo ka ìlùkìkì ọkàn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko: 46. Wọ́n ti fẹ́ gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Mo ní rárá, ọsibítù ni, nísinsìnyí.

Ọjọ́ 11 ló lò níbẹ̀. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ó padà wálé lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ gbé ìgò àgbo náà wá fún mi, ó kù díẹ̀ kó tó ìdajì. Mo da á nù, mo fọ ìgò náà, ó sì wà lẹ́yìn káúńtà mi títí dòní. Bí oníbàárà bá ti sọ fún mi pé ẹnì kan ní kí òun dá oògùn dúró, òun ni mo kọ́kọ́ ń gbé síwájú rẹ̀ kí n tó la ẹnu.